Bí Oúnjẹ Rere Ṣe Lè Ba Ọpọlọ Ọmọ Jẹ́: Ẹ̀kọ́ lórí Àìsàn PKU

Ní ọdún 1934, ní Oslo, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nọ́wè, obìnrin kan mú àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tọ dókítà kan lọ, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Asbjørn Følling. Èyí ẹ̀gbọ́n jẹ́ obìnrin, ó ti lé ní ọmọ ọdún 6. Èyí àbúrò jẹ́ ọkùnrin, ọmọ ọdún 4 ni. Nígbà tí a bí wọn, kò sí àbùkù kan lára wọn tí ojú lè rí. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, làákàyè wọn kò bá ọjọ́ orí wọn dàgbà. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni èyí obìnrin lè sọ. Èyí ọkùnrin kò lè rìn, kò lè sọ̀rọ̀, kò sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Yàtọ̀ sí èyí, òórùn àjèjì kan a máa jáde lára àwọn méjèèjì, ìyá wọn kò sì mọ ibi tí ó ti ń wá. Ó ti gbé wọn dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn púpọ̀. Kò sí èyí tí ó lè sọ ohun tí ó ṣe wọ́n fún un. Síbẹ̀ kò dẹ́kun bíbéèrè. Nítorí pé obìnrin yìí kọ̀ láti dákẹ́ ni ayé fi mọ àìsàn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Orúkọ àìsàn náà gùn. Phenylketonuria ni àwọn oníṣègùn ń pè é, wọ́n sì máa ń gé e kúrú sí PKU. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé yìí sókè fún àwọn tí ó jókòó tì í ní yàrá ìkàwé, kí ó máa wí pé "Pí-Kéè-Yù", ó tó bẹ́ẹ̀. Àìsàn àbímọ́ ni, kò sì wọ́pọ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, nínú nǹkan bí 10,000 sí 15,000 ọmọ tí a bá bí, ẹyọ kan ni yóò ní in. Ní Túrkì àti ní Ireland ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàrin àwa ènìyàn dúdú, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ẹnìkan lè wá béèrè pé: bí kò bá wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, kí ló dé tí a fi ń kọ́ nípa rẹ̀? Ìdáhùn wa ni pé àìsàn díẹ̀ ni ó fi hàn kedere tó èyí pé ọpọlọ ọmọ lè bàjẹ́ nítorí àìdọ́gba èròjà inú ara nìkan, láìsí ọwọ́ ayé níbẹ̀, láìsí ẹ̀ṣẹ̀ ìyá níbẹ̀, àti pé a lè dá a dúró bí a bá tètè mọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bí a bá bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ méjì tẹ̀léra, orí ìyá wọn ni ọ̀rọ̀ náà máa ń dá lé. Kí á tó dá a lẹ́bi, ó yẹ kí á mọ bí ara ti ń ṣiṣẹ́.

Dókítà Følling kì í ṣe oníṣègùn nìkan. Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì pẹ̀lú, ìdí sì nìyí tí ó fi béèrè fún ìtọ̀ àwọn ọmọ náà. Ó kán oògùn kan tí à ń pè ní ferric chloride sínú rẹ̀. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ti rí oògùn náà rí nínú ìgò, ní yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo lọ: omi pupa rúsúrúsú ni, bí ó bá sì ta sí ẹ̀wù funfun, ọṣẹ kò ràn án. Bí a bá kán an sínú ìtọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá, pupa rúsúrúsú náà ni yóò máa jẹ́. Nínú ìtọ̀ àwọn mìíràn tí wọ́n ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà, a máa pọ́n bí àwọ̀ àlùkò. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí di àwọ̀ ewé tí ó dúdú minimini, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ àwọ̀ náà sì tún ṣí. Følling kò rí irú rẹ̀ rí. Ó rò pé bóyá oògùn kan tí àwọn ọmọ náà ń lò ni ó fà á, ó sì ní kí ìyá wọn dá gbogbo oògùn dúró. Wọ́n dá a dúró. Ó tún kán an. Àwọ̀ ewé náà ni. Ìyá náà ń gbé ìtọ̀ wá, dókítà náà ń yẹ̀ ẹ́ wò, títí ó fi yọ èròjà tí ń fa àwọ̀ náà jáde, tí ó sì mọ ohun tí ó jẹ́. Lẹ́yìn èyí ó ṣe irú àyẹ̀wò kan náà fún ènìyàn 430 mìíràn tí làákàyè wọn kò pé; nínú ìtọ̀ àwọn 8 ni ó ti tún rí àwọ̀ ewé. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó kọ ìròyìn rẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí jẹ́ oúnjẹ amáradàgbà. Èròjà tí ó wà nínú wọn ni à ń pè ní purotéènì. Purotéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. Bí ó bá dé inú, ara a já okùn náà, a sì tú ìlẹ̀kẹ̀ náà ká lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó tó tún wọn sín ní ọ̀nà tí yóò fi wúlò fún un. Irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó 20. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ phenylalanine. Nítorí gígùn orúkọ yìí, a ó gé e sí "fẹ́nílà" nínú ẹ̀kọ́ yìí, kí ahọ́n má baà kọsẹ̀.

Fẹ́nílà kì í ṣe májèlé. Ara kò lè ṣe é fúnra rẹ̀, inú oúnjẹ ni ó ti gbọ́dọ̀ rí i. Ọmọ tí kò bá rí i rárá kò lè dàgbà. Ṣùgbọ́n èyí tí à ń jẹ lójoojúmọ́ pọ̀ ju èyí tí ara nílò lọ, ẹ̀dọ̀ ni ó sì ń bójú tó àṣẹ́kù. Nínú ẹ̀dọ̀ ni òṣìṣẹ́ kan wà, énsáìmù ni àwọn onímọ̀ ń pe irú rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa sọ fẹ́nílà di ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn tí ń jẹ́ táírósìnì. Táírósìnì yìí wúlò púpọ̀. Láti ara rẹ̀ ni a ti ń rí àwọ̀ dúdú ti irun àti ti ara, láti ara rẹ̀ náà sì ni ọpọlọ ti ń ṣe èròjà kan tí ń jẹ́ dópámìnì.

Nínú ẹni tí ó ní PKU, òṣìṣẹ́ ẹ̀dọ̀ yìí kò sí, tàbí kí ó wà ṣùgbọ́n kí ó má lè ṣiṣẹ́ tó. Fẹ́nílà ń wọlé, kò sì rí ọ̀nà jáde. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílígíráàmù 1 nínú ìdámẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀. Nínú ẹni tí PKU rẹ̀ le, tí a kò sì tọ́jú, a máa ju 20 lọ. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá kún tó bẹ́ẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ a yí padà di èròjà mìíràn, a sì bá ìtọ̀ àti òógùn jáde. Ibẹ̀ ni òórùn àwọn ọmọ Nọ́wè nì ti wá, ibẹ̀ náà ni àwọ̀ ewé ti wá. Nítorí pé táírósìnì kò tó, irun irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í dúdú tó ti àwọn ará ilé wọn.

Báwo ni ó ṣe wá kan ọpọlọ? Ọpọlọ kò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ohun tí ó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀. Láàrin àwọn méjèèjì, ibodè kan wà tí a ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tí a wí lẹ́ẹ̀kan kò lè dá rìn kọjá níbẹ̀. Ọkọ̀ ni ó ń gbé wọn, ọkọ̀ kan náà ni fẹ́nílà, táírósìnì àti òmíràn tí ń jẹ́ tríptófáànì sì jọ ń wọ̀. Ẹ fi ojú inú wo gáréèjì nígbà tí ọdún bá ku ọ̀la. Bí èrò ìlú kan bá fi ìlọ́po 20 pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí wọ́n sì rọ́ wọ gbogbo ọkọ̀ tí ó bá dé, àwọn èrò ìlú mìíràn yóò dúró síbẹ̀ di alẹ́. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni lé wọn. Àyè ni kò sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fẹ́nílà ṣe ń gba ọkọ̀ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Inú ọpọlọ kún fún un, táírósìnì àti tríptófáànì sì di ọ̀wọ́n níbẹ̀.

Ọ̀wọ́n yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. A ti wí pé láti ara táírósìnì ni ọpọlọ ti ń ṣe dópámìnì. Láti ara tríptófáànì ni ó ti ń ṣe èkejì rẹ̀, sẹrotónìnì. Ìránṣẹ́ ni àwọn méjèèjì, àwọn ni wọ́n ń jíṣẹ́ láti apá kan ọpọlọ dé apá kejì. Dópámìnì ní ọwọ́ nínú ìrìn, nínú ìfọkànsí iṣẹ́, àti nínú ìfẹ́ láti ṣe nǹkan. Sẹrotónìnì ní ọwọ́ nínú oorun àti nínú ìbàlẹ̀ ọkàn. Bí àwọn ìránṣẹ́ bá dín, iṣẹ́ a fàsẹ́yìn: ọmọ a máa bínú láìnídìí, kò ní lè gbájú mọ́ ohun kan, gìrì a sì máa gbé àwọn mìíràn. Lẹ́yìn èyí, fẹ́nílà tí ó pọ̀ jù a tún máa ṣe ìdíwọ́ fún ọ̀rá funfun tí ó yẹ kí ó bo àwọn okùn ọpọlọ, bí rọ́bà ti í bo wáyà iná mànàmáná. Bí fẹ́nílà bá lọ sílẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ a tún pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìdàgbà tí ọpọlọ kò rí ní àwọn oṣù àti ọdún àkọ́kọ́, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ṣeé dá padà.

Nǹkan kan wà níhìn-ín tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ọmọ tí ó ní PKU kì í bàjẹ́ nínú ìyá rẹ̀. Ní gbogbo oṣù tí ó fi wà nínú oyún, ẹ̀dọ̀ ìyá ni ó ń bá a ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ kò lè ṣe. Nítorí náà a ó bí i pẹ̀lú ọpọlọ tí ó pé. Ọjọ́ tí a bá gé ìwọ́ rẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ yẹn dópin. Ó mu wàrà, ìbáà ṣe ti ìyá rẹ̀ tàbí ti màlúù, fẹ́nílà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ojú ìyá lè má rí nǹkan kan. Ọmọ ń sanra, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọn yóò fi ṣàkíyèsí pé kò tíì lè jókòó nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rá, ohun tí yóò bàjẹ́ ti ń bàjẹ́. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó kù dúró lé.

Ní ti bí ó ṣe ń wọ inú ẹbí, ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ẹ̀kọ́ nípa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti mọ ọ̀nà náà. Bí AS bá fẹ́ AS, ara àwọn méjèèjì dá, síbẹ̀ wọ́n lè bí SS. Bẹ́ẹ̀ náà ni PKU. Olúkúlùkù wa ní ẹ̀dà méjì ti ìlànà tí ara fi ń ṣe òṣìṣẹ́ ẹ̀dọ̀ tí a wí, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Jíìnì ni à ń pe irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú tirẹ̀ bá ní àbùkù kò ní ṣàìsàn, kò sì ní mọ̀. Bí irú ẹni méjì bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ra, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà yóò gba èyí tí ó ní àbùkù lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọwọ́ bàbá àti ọwọ́ ìyá dọ́gba nínú rẹ̀. Ó ti lé ní 1,000 ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ti rí pé jíìnì yìí lè gbà ní àbùkù, ìdí sì nìyí tí àìsàn náà fi le lára ẹnìkan, tí ó sì fúyẹ́ lára ẹlòmíràn.

Følling mọ àìsàn, ṣùgbọ́n kò ní oògùn rẹ̀. Ọdún 17 kọjá. Ní ọdún 1951, ìyá mìíràn, ní ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Ọmọ náà kò lè dìde dúró, kò lè rìn, kò sọ̀rọ̀. Igbe ni ó máa ń ké, a sì máa fi orí gbá nǹkan. Dókítà Horst Bickel, tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Evelyn Hickmans àti John Gerrard, rí i pé PKU ni. Wọ́n wí fún ìyá náà pé kò sí ìtọ́jú rẹ̀. Kò gbà. Láràárọ̀ ni ó ń wá dúró dè wọ́n níwájú yàrá àyẹ̀wò, tí ó ń béèrè ìgbà tí wọn yóò rí nǹkan ṣe sí ọ̀ràn ọmọ òun.

Níkẹyìn wọ́n dá ọgbọ́n kan. Bí ó bá jẹ́ pé fẹ́nílà ni ó ń ba ọmọ jẹ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀? Wọ́n mú purotéènì inú wàrà tí a ti tú sí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sẹ́ ẹ gba inú èédú kan tí a tọ́jú fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú yàrá títutù ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn. Èédú náà gba fẹ́nílà dúró, ṣùgbọ́n ó gba táírósìnì àti tríptófáànì dúró pẹ̀lú, nítorí náà wọ́n dá àwọn wọ̀nyí padà sínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ náà rù, nítorí pé wọ́n ti yọ fẹ́nílà kúrò pátápátá, ara kò sì lè wà láìsí díẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n wá ń fi wàrà díẹ̀ tí a wọ̀n kún un. Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí padà. Láàrin oṣù mélòó kan ó kọ́ láti rá àti láti dúró, ojú rẹ̀ tàn, irun rẹ̀ dúdú sí i, kò sì fi orí gbá nǹkan mọ́.

Àwọn mìíràn lè wí pé ọmọ náà ìbá kúkú dàgbà bẹ́ẹ̀ láìsí oúnjẹ àrà ọ̀tọ̀ kankan. Àwọn dókítà náà rò ó bẹ́ẹ̀. Láìsọ fún ìyá rẹ̀, wọ́n dá fẹ́nílà padà sínú oúnjẹ ọmọ náà. Kò ju ọjọ́ kan lọ tí ó tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tí ó ń fi orí gbá nǹkan, tí kò sì lè dúró mọ́. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ó pàdánù èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ti rí gbà ní oṣù mẹ́wàá. Pípa tí wọ́n pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ìyá ọmọ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Lóde òní, òfin iṣẹ́ ìṣègùn kò ní gbà kí a ṣe é láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òbí. Ṣùgbọ́n òun ni ó mú iyèméjì kúrò. Wọ́n dá oúnjẹ rere rẹ̀ padà, ara rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í mókun, ní ọdún 1953 wọ́n sì kọ ìròyìn rẹ̀ jáde. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò bá ẹgbẹ́ mọ́. Ó ti pẹ́ jù kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro tí ó kù wá ni bí a ó ṣe mọ ọmọ tí ó ní in kí ó tó pẹ́ jù. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ti Følling kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ìtọ̀ yóò fi di àwọ̀ ewé, ọjọ́ ti lọ. Ẹni tí ó tú kókó yìí ni Robert Guthrie, onímọ̀ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí, ní ìlú Buffalo ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ohun tí ó kà nínú ìwé nìkan ni ó tì í sínú iṣẹ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ní ọmọkùnrin kan tí làákàyè rẹ̀ kò pé nítorí ìdí mìíràn, a sì bí ọmọ kan nínú ẹbí ìyàwó rẹ̀ tí ó ní PKU, ọmọ náà sì ti lé ní ọdún kan kí a tó mọ̀.

Ohun tí Guthrie ṣe rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè béèrè ìdí tí ẹlòmíràn kò fi ronú kàn án. A ó gún gìgísẹ̀ ọmọ tuntun ní abẹ́rẹ́, a ó sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kán sórí bébà kan tí ó nípọn, tí í fa omi. Ẹ̀jẹ̀ náà a gbẹ. Kò nílò ìgò, kò nílò yìnyín. A lè fi í sínú àpòòwé kí a sì fi ránṣẹ́ nínú lẹ́tà. Ní yàrá àyẹ̀wò, a ó lu bébà náà bí a ti í lu tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, a ó sì gbé wẹ́wẹ́ rẹ̀ lé orí ohun rọ̀bọ̀tọ̀ kan bí ẹ̀kọ tútù, níbi tí a ti fi kòkòrò àìfojúrí sí. A ti fi oògùn kan síbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí kòkòrò náà hù. Fẹ́nílà nìkan ni ó lè ṣẹ́gun oògùn náà. Nítorí náà, bí fẹ́nílà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan, kòkòrò a hù yí bébà tirẹ̀ ká bí òrùka. Ẹni tí ó ń wò ó kò ní ju kí ó wá òrùka náà lọ. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1963, ó ti lé ní 400,000 ọmọ tí a ti fi ọ̀nà yìí yẹ̀ wò ní ìpínlẹ̀ 29 ní Amẹ́ríkà. Ọmọ 39 ni wọ́n rí tí ó ní PKU. Ìpínlẹ̀ Massachusetts sọ ọ́ di òfin ní ọdún 1963, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì mú un lò káàkiri ní ọdún 1969. Lónìí, ẹ̀rọ ńlá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kòkòrò, ṣùgbọ́n bébà náà kò yí padà. Irú rẹ̀ ni a fi ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tuntun tí ìyá wọn ní kòkòrò HIV ní Nàìjíríà níhìn-ín, a sì lè fi mọ ọmọ tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde pẹ̀lú.

Ọmọ tí a bá tètè rí, tí ìtọ́jú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé ọjọ́ mẹ́wàá tàbí bẹ́ẹ̀, yóò dàgbà, yóò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, yóò sì ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ bí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìtọ́jú náà rọrùn. Kò sí ẹran, kò sí ẹja, kò sí ẹyin, kò sí wàrà, kò sí ẹ̀wà. Búrẹ́dì lásán pàápàá, òṣùwọ̀n ni. Èso àti ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ ni ó lè jẹ fàlàlà. Dípò oúnjẹ amáradàgbà, a ó fún un ní èròjà kan tí a pò láìsí fẹ́nílà, tí adùn rẹ̀ kò sì bá ahọ́n mu, lójoojúmọ́. Dókítà a máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè kí ìwọ̀n fẹ́nílà má baà kọjá láàrin 2 sí 6 lórí òṣùwọ̀n tí a lò lókè. Bí ẹ bá ń ka ẹ̀yìn ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí kò ní ṣúgà, ẹ lè bá ìkìlọ̀ kan pàdé níbẹ̀ fún àwọn tí ó ní PKU. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun adùn tí ń jẹ́ aspartame ní fẹ́nílà nínú.

Ní àwọn ọdún ìṣáájú, àwọn dókítà rò pé bí ọmọ bá ti tó ọdún díẹ̀, tí ọpọlọ rẹ̀ ti gbó, ó lè máa jẹ ohun tí ó bá wù ú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n tú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ni. Àwọn kan nínú wọn kò lè gbájú mọ́ iṣẹ́ mọ́, inú wọn kì í sì í dùn, nítorí pé àìtó àwọn ìránṣẹ́ ọpọlọ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó burú jù lọ bá àwọn ọmọbìnrin. Wọ́n dàgbà, wọ́n lọ́kọ, wọ́n lóyún, fẹ́nílà sì kún inú ẹ̀jẹ̀ wọn. A ti wí pé ẹ̀dọ̀ ìyá ni ó ń gba ọmọ inú là. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ náà yí padà: ọmọ inú kò ní PKU, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá ń bà á jẹ́. Ní ọdún 1980, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà méjì, Lenke àti Levy, kó ìròyìn irú oyún bẹ́ẹ̀ jọ. Nínú àwọn tí fẹ́nílà ìyá wọn ju 20 lọ, ó ju ọmọ mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá tí làákàyè rẹ̀ kò pé. Àwọn obìnrin tí a ti gba ọpọlọ wọn là ní ìkókó ń bí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́. Láti ìgbà náà ni a ti ń kọ́ wọn pé kí wọ́n máa ṣọ́ oúnjẹ wọn títí ayé, àti pé kí fẹ́nílà wọn ti wálẹ̀ kí wọ́n tó lóyún. Àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ń bí ọmọ tí ara rẹ̀ dá.

Oríṣi mìíràn wà tí ó ṣọ̀wọ́n ju èyí lọ. Nínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ ẹ̀dọ̀ wà, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí yóò fi ṣiṣẹ́, tí ń jẹ́ biopterin, ni kò sí. Irinṣẹ́ yìí kan náà ni ọpọlọ fi ń ṣe dópámìnì àti sẹrotónìnì. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ ṣọ́ oúnjẹ, ọpọlọ kò ní rí ìránṣẹ́. Oògùn tí yóò di dópámìnì àti sẹrotónìnì nínú ọpọlọ ni a gbọ́dọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Fún PKU gan-an, oògùn kan tí ó jọ irinṣẹ́ náà gba ìyọ̀ǹda ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2007, ó sì ń ran àwọn kan lọ́wọ́, kì í ṣe gbogbo wọn. Òmíràn tí à ń gún ní abẹ́rẹ́ tẹ̀lé e ní ọdún 2018, ti ẹ̀kẹta sì dé ní ọdún 2025.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ní ọmọ tàbí àbúrò ní Ìlú Ọba. Bí ìyá bá lọ síbẹ̀ láti wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀, yóò rí i pé nígbà tí ọmọ bá pé ọjọ́ márùn-ún, agbẹ̀bí a dé, a gún gìgísẹ̀ rẹ̀, a sì kán ẹ̀jẹ̀ sójú òbìrípo mẹ́rin lórí bébà. Ọmọ a ké. Kí ìyá àgbà má ṣe gba ọmọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Àyẹ̀wò tí a ti ń sọ láti òkè wá ni, ti fòníkú-fọ̀ladìde sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí kò bá sí nǹkan, lẹ́tà ni wọn yóò fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bí wọ́n bá fura sí PKU, wọn kò ní dúró de lẹ́tà. Wọn yóò ké sí àwọn òbí kíákíá, kí wọ́n gbé ọmọ náà wá sí ilé ìwòsàn kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.